Ẹ̀rọ Kòkòrò ní Pálọ̀ Jímọ̀h

Àwọn tó ń gbé rédíò wá fún àtúnṣe sí ṣọ́ọ̀bù Jímọ̀h ní Asafo, ní ìlú Kumasi, lọ́dún 1995 rò pé pósí ló ń kàn. Àpótí gíga kan dúró lẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ó ga ju ènìyàn lọ díẹ̀, kò ní ìlẹ̀kùn, iwájú rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Jímọ̀h, ta ló kú?" ni wọ́n máa ń bi í.

Òun a rẹ́rìn-ín músẹ́, a ní kò sẹ́ni tó kú, a sì tún tẹjú mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó máa ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ènìyàn.

Àpótí ẹ̀rọ géèmù ni. Irú rẹ̀ kan wà ní àdúgbò Adum nígbà tó wà nílé-ìwé, nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Kòkòrò ni àwọn ọmọ ìgbà náà ń pè é, nítorí pé kòkòrò aláwọ̀ ewé ló máa ń já bọ́ láti òkè tẹlifíṣàn inú rẹ̀. Ẹni tó bá dúró nídìí rẹ̀ á fi ọ̀pá kékeré kan tó lórí roboto darí ọkọ̀ òfúrufú sọ́tùn-ún sósì, á sì máa tẹ bọ́tìnnì láti yìnbọn lù wọ́n. Gbọ̀ngàn náà ti kógbá sílé tipẹ́, ẹni tó ni ín sì ti padà sí ìlú rẹ̀.

Táhírù ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ Jímọ̀h ni láti kékeré. Àgbàlá kan náà ni wọ́n bí wọn sí, Ìlọrin ni bàbá àwọn méjèèjì ti wá sí Kumasi. Táhírù di akọ̀wé báńkì ní Adum. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń lọ ra wáákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà, nígbà tó rí àwọn lébìrà tó ń kó ẹrù àtijọ́ jáde nínú yàrá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yẹn. Ikán ti jẹ àpótí Kòkòrò tán, tẹlifíṣàn rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù inú rẹ̀, ibi tí géèmù gan-an wà, ṣì wà lódidi nínú òwú aláǹtakùn. Táhírù bẹ̀ wọ́n, wọ́n fún un. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi wé e bí ọmọ tuntun, ó sì wọ ọkọ̀ akérò trotro wá sí Asafo.

"Chale, ọ̀rẹ́ mi, wo ohun tí mo bá ọ rí," ló wí.

Jímọ̀h fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti spírìtì fọ bọ́ọ̀dù náà. Ó jó wáyà rẹ̀ tó ti já pọ̀, ó so ó mọ́ tẹlifíṣàn àtijọ́ kan. Nígbà tí kòkòrò àkọ́kọ́ já bọ́, àwọn méjèèjì pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí Ràzíátù, ìyàwó Jímọ̀h, fi sáré jáde pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin bàbá méjì yìí, kí ló dé? Mo rò pé iná gbé yín ni."

"Ìyàwó wa, ìwọ ò lè mọ̀," ni Táhírù dá a lóhùn. "Ìgbà èwe wa ló jí dìde yìí."

Táhírù fẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì kí wọ́n máa gbá a. Jímọ̀h kọ̀. Ó ní gbogbo rẹ̀ lòun máa kàn padà, àpótí, ọ̀pá, bọ́tìnnì, gíláàsì, bí ó ṣe rí ní Adum gẹ́lẹ́. Kò sọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí wà.

Lọ́dún 1981, ọdún tó kẹ́yìn nílé-ìwé, wọ́n máa ń sá kúrò ní kíláàsì lọ sí gbọ̀ngàn náà. Bàbá Táhírù ń ta aṣọ, nítorí náà ọwọ́ Táhírù kì í gbẹ. Bàbá Jímọ̀h ti kú, ìyá rẹ̀ ń dín àkàrà kóóse lẹ́bàá ọ̀nà. Táhírù ló ń gbá géèmù. Jímọ̀h á dúró lápá òsì ẹ̀rọ, á fi àpò ìwé àwọn méjèèjì kọ́rùn, á máa wo ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò fọwọ́ kan ọ̀pá yẹn rí. Ó mọ ibi tí kòkòrò kọ̀ọ̀kan yóò gbà sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò mọ bí ọ̀pá ṣe rí.

Lọ́jọ́ kan, géèmù ń dùn lọ lọ́wọ́, ọkọ̀ Táhírù tí kò tíì fọ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀, ni ó yíjú sí i lójijì.

"Jímọ̀h, gbà, ìwọ náà gbá a. Mo fẹ́ lọ tọ̀."

Ó fi ọ̀pá lé e lọ́wọ́. Ó yọ àpò tirẹ̀ kúrò lọ́rùn Jímọ̀h, ó sì gba ẹ̀yìn gbọ̀ngàn jáde. Orí ọ̀pá náà ṣì gbóná láti ọwọ́ rẹ̀. Jímọ̀h gbá a bí ẹni tó ń yára jẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò tíì pa ju kòkòrò mélòó kan lọ tí ọwọ́ ẹnìkan fi gbá a mú lọ́rùn ẹ̀wù. Tíṣà tó ń rí sí ìbáwí nílé-ìwé wọn ni.

Níwájú ọ̀gá ilé-ìwé, wọ́n bi í léèrè ẹni tí wọ́n jọ lọ. Wọ́n ní bó bá dárúkọ rẹ̀, ẹgba nìkan ni wọ́n máa nà án, á padà sí kíláàsì. Jímọ̀h ní òun nìkan ni. Ẹni tó fún òun ní géèmù rẹ̀ tó ń dùn lọ lọ́wọ́, kí òun wá fà á lé wọn lọ́wọ́? Wọ́n lé e kúrò nílé-ìwé kí ìdánwò àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Táhírù wá sílé wọn, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá Jímọ̀h, ó ń sunkún.

"Màmá, wallahi, mi ò rí tíṣà náà. Inú ilé ìtọ̀ ni mo wà. Ǹ bá ti rí i, ǹ bá ké sí Jímọ̀h."

Ìyá náà fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú Táhírù, ó sì fún un ní kóóse gbígbóná.

Ohun tó tẹ̀lé e, Jímọ̀h rántí gbogbo rẹ̀. Ó rántí 1983, ọdún ebi, nígbà tó ń ru ẹrù ní ọjà Kejetia tí ọrùn rẹ̀ wú, tí òun àti ìyá rẹ̀ àti Nímátù àbúrò rẹ̀ ń pín kòkó, ẹ̀kọ mímu, tí kò ní ṣúgà mu. Ó rántí bàtà bàbá rẹ̀ tó ń ki àkísà sí nínú nítorí ó tóbi jù ú lọ. Ó rántí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ń sùn sí nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ rédíò, omi á gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé, òun á sì gbé gbogbo rédíò tó fi ń kọ́ṣẹ́ sórí tábìlì, á jókòó tì wọ́n. Ó rántí pé ìyá rẹ̀ kú lọ́dún 1986 pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọmọ òun ìbá ti di dókítà. Ó rántí ilé-ìwé alẹ́, tíṣà tí kò tó o lọ́jọ́ orí, tó ń pè é ní "Bàbá". Nínú gbogbo ọjọ́ búburú yẹn, ohun kan ṣoṣo ni kò kà mọ́ ìyà: ọ̀pá tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Tirẹ̀ nìyẹn. Ó fẹ́ gbá géèmù náà parí.

Kwaku káfíńtà ló bá a gé pákó. Yòókù, Jímọ̀h àti Táhírù ni. Táhírù kò mọ ohunkóhun nípa wáyà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ rántí. Á ti báńkì dé lọ́jọ́ Sátidé, á dúró níwájú àpótí, á di ojú, á gbé ọwọ́ lé ọ̀pá tí Jímọ̀h ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe.

"Rárá. Ó rọ̀ jù. Ti Adum máa ń bá ọ jà díẹ̀."

Jímọ̀h á tú u, á fi sípíríǹgì mìíràn sí i.

"Ìsinsìnyí ńkọ́?"

"Ó ti ń súnmọ́. Ṣùgbọ́n kò dún. Nígbà tí o bá tì í sósì, ó máa ń ní 'kẹ́'. Ìwọ fetí sílẹ̀: kẹ́."

"Ṣé ọ̀pá ni tàbí alángbá?"

"Chale, ṣe é kó dún!"

Jímọ̀h gé irin pẹlẹbẹ láti inú tọ́ọ̀ṣì àtijọ́, ó tò wọ́n sí abẹ́ ọ̀pá. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Táhírù di ojú, ó tì í sósì. Kẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú. "Ó dára paa," ló wí. "Me nua, ọmọ ìyá mi, ó dára paa."

Ọ̀rọ̀ gíláàsì ló mú wọn jiyàn. Jímọ̀h fẹ́ fi gíláàsì funfun bo ojú tẹlifíṣàn kí àwòrán lè mọ́lẹ̀. Táhírù ní kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti Adum dúdú bí tíì tó ti pẹ́ nínú ago, kò sì dúró gbọnrangandan, ó rọ̀gbọ̀kú. Ó bá a wá irú rẹ̀ káàkiri Adum títí ó fi rí i, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ júwe bí yóò ṣe tẹ̀ sẹ́yìn tó.

Àárín ìgbà yẹn ni wọ́n wá tọrọ Nímátù. Ìgbéyàwó ọmọ náà wà lọ́wọ́ Jímọ̀h nítorí pé òun ló dúró bíi bàbá fún un. Nínú ilé wọn, ẹni tó ni ọmọ kì í fi ẹnu ara rẹ̀ fi í fún ọkọ. Ó máa ń yan ẹnìkan tí wọ́n ń pè ní wákílì, ẹni tí yóò dúró níwájú jàmáà tí yóò sọ pé "mo fún ọ". Ohun tí wákílì bá sọ, ẹnu ẹni tó ni ọmọ ló ti jáde. Alfa Àbùbákàr tó máa so yìgì béèrè ẹni tó fẹ́ yàn.

"Táhírù ni."

"Ṣé ọkàn rẹ balẹ̀ sí i?"

"Alfa, bí mo bá sùn, tó sọ̀rọ̀ lórúkọ mi, mi ò ní jí wò ó."

Jímọ̀h kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Alfa fúnra rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó gan-an ni iṣẹ́ parí. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wọ pálọ̀ Jímọ̀h, wọ́n gbé e ti ògiri tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ wọ́n ti gíláàsì bọ̀ ọ́, wọ́n sì tan iná. Jímọ̀h ní kí Táhírù kọ́kọ́ gbá a. Òun fúnra rẹ̀ dúró lápá òsì, ó gba fìlà ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì í mú. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé bí òun ṣe máa ń dúró nìyẹn.

Kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Kẹ́, kẹ́. Táhírù tẹ̀ síwájú, ahọ́n rẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu bíi ti ìgbà náà. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ sí ìta, oòrùn ń ràn. Ràzíátù gbé sóbólò, omi ìṣápá dídùn, wọlé láìwọ bàtà, kò dún rárá.

"Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Táhírù wí láìyí orí padà. "Ẹ gbé e sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn, mò ń bọ̀."

Jímọ̀h wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn orí Táhírù. Kò pẹ́ ni Nímátù dé láti ọ̀dọ̀ aránṣọ. Kò tíì la ẹnu nígbà tí Táhírù ti kí i.

"Ìyàwó ojú ọ̀nà! Aṣọ pupa yìí mà bá ọ mu o!"

Nímátù pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin ẹ wo Bùrọ̀dá Táhírù! Wọ́n ní ojú lẹ́yìn orí!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Jímọ̀h.

"Táhírù, báwo lo ṣe mọ̀ pé pupa ni?"

"Ṣebí mò ń wò ó nínú gíláàsì," ni Táhírù wí, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. "Ìdí tí mo fi ní kó dúdú kó sì rọ̀gbọ̀kú nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà ni wàá rí. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí ní Adum, o ò nílò láti wẹ̀yìn, o kàn máa…"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ọ̀pá. Kòkòrò kan sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ó kọlu ọkọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ náà tú ká.

"Nímátù, lọ bá Ràzíátù nínú ilé," ni Jímọ̀h wí. Nímátù wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wọlé lọ bá Ràzíátù láìbi í léèrè.

"Sún díẹ̀," ni Jímọ̀h sọ fún Táhírù.

Táhírù sún. Jímọ̀h wá dúró níwájú ẹ̀rọ. Ìgbà kejì láyé rẹ̀ tó dúró sí ipò ẹni tó ń gbá a nìyẹn. Ó gbé ọwọ́ lé ọ̀pá, ó gbójú sókè. Nínú gíláàsì dúdú náà ló ti rí ẹnu ọ̀nà, títì, ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọmọbìnrin kan tó gbé atẹ bọ́fúrọ́ọ̀tù dídín kọjá. Ó rí àmì àwọ̀ ewé tó wà lára ọkọ̀ trotro. Gbogbo rẹ̀ ló rí.

"O rí i," ló wí.

"Ta ni?"

"Má bi mí léèrè ta ni, Táhírù."

Táhírù gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ó ti pẹ́, jàre. Ọdún mélòó ló ti kọjá. Ta ló lè rántí ohun tó rí nínú gíláàsì?"

"Ìwọ ni. O rántí bí sípíríǹgì ṣe le tó. O rántí 'kẹ́'. O rántí bí gíláàsì ṣe tẹ̀ tó, o fi ọwọ́ rẹ júwe rẹ̀ fún mi."

Táhírù jókòó sórí àga.

"Ẹnu ọ̀nà ni tíṣà náà dúró sí," ló wí. "Ó ti inú oòrùn bọ̀, ojú rẹ̀ kò tíì ríran nínú òkùnkùn gbọ̀ngàn. Mo dá a mọ̀ nípa fìlà rẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wá. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá bá nídìí rẹ̀ ló máa mú."

"O wá pè mí."

"Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, Jímọ̀h. Bàbá mi ìbá pa mí."

"O ní, 'Gbà, ìwọ náà gbá a.'"

"Mo mọ ohun tí mo sọ."

"O gba àpò rẹ. Mo ronú pé o fẹ́ kí ọrùn mi fúyẹ́ ni, kí n lè gbá a dáadáa." Ohùn Jímọ̀h kò lọ sókè rárá. "Ká ní o sá lọ nìkan, ó yé mi. Ẹ̀rù ba ènìyàn, ó sá. Ǹ bá ti dárí jì ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n o fún mi. Mo sì lọ dúró níwájú ọ̀gá ilé-ìwé, mo ní èmi nìkan ni, nítorí pé o fún mi."

"Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa lé ọ! Ẹgba ni mo rò."

"Ìyá mi ńkọ́? O fi wallahi búra fún un."

Táhírù fi ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ nu ojú. Ó ní: "Nígbà tí mo rí bọ́ọ̀dù yẹn lọ́wọ́ àwọn lébìrà, ìwọ ni mo kọ́kọ́ rántí. Mo ní èyí ni màá fi tẹ́ ọ lọ́rùn."

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn," ni Jímọ̀h wí. Ó na fìlà Táhírù sí i.

Táhírù gbà á. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. "Ọjọ́ Àìkú ńkọ́? Ti Nímátù?"

Jímọ̀h ti dojú kọ ògiri, ó ń yọ wáyà iná.

Títí ọjọ́ Àìkú fi dé, Ràzíátù ń bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, òun a ní kò sí nǹkan. Bí ó bá yọ Táhírù, àwọn àgbà á béèrè ìdí, òun kò sì fẹ́ kí wọ́n máa fi ìtàn ìyá òun jẹ orógbó níbi ìgbéyàwó. Bí ó bá fi í sílẹ̀, ẹnu yẹn ni yóò fi àbúrò rẹ̀ fúnni. Ó ronú pé ọ̀rọ̀ mélòó kan péré ni. Ó ronú pé ọ̀rọ̀ mélòó kan péré náà ni "gbà, ìwọ náà gbá a."

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n tẹ́ ẹní sí iwájú ilé, jàmáà pé. Táhírù wá. Ó wọ agbádá funfun, ó jókòó síbi tí wákílì máa ń jókòó, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò sùn. Àwọn ènìyàn ń kí i, wọ́n ń bá a ṣeré pé kó má ṣe gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.

Alfa Àbùbákàr parí àdúà. "Wákílì ọmọbìnrin dà?"

Táhírù gbé eékún kan sókè.

"Èmi ni," ni Jímọ̀h wí.

Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gba orí ẹní. Alfa wo ọ̀kan, ó wo èkejì. "Jímọ̀h, o ní ẹlòmíràn lo yàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alfa. Mo gbà á padà. Èmi ni mo ni ọmọ, èmi náà ni màá sọ ọ́."

Àgbàlagbà kan lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀ nílé wọn. Alfa gbé ọwọ́ sókè. Ó ní ẹ̀sìn kò lòdì sí i. Táhírù ṣì wà lórí eékún kan, kò mọ̀ bóyá kóun dìde ni tàbí kóun jókòó. Gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀. Jímọ̀h kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mú ọwọ́ ọkọ, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pé òun fi Nímátù àbúrò òun fún un. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n níbi orúkọ ọmọ náà, àwọn obìnrin inú ilé sì rò pé ayọ̀ ni.

Táhírù kò lọ. Ó dúró títí dé òpin, ó bá wọn to àga, ó bá wọn pín oúnjẹ, bí ọ̀rẹ́ ẹni tó ń ṣe ìnáwó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó yá, ó gbé àwo ìrẹsì wá fún Jímọ̀h, ẹran tó dára jù ló wà lórí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e.

"Jẹun, jọ̀ọ́. O ò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀."

Jímọ̀h gba àwo náà. "Ẹ ṣeun, Ọ̀gbẹ́ni Táhírù," ló wí, ohùn rẹ̀ tútù bíi ti ẹni tó ń dá oníbàárà lóhùn ní ṣọ́ọ̀bù. Ó yíjú sí bàbá arúgbó tó jókòó tì í, ó gbé oúnjẹ náà síwájú rẹ̀, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ nípa òjò.